Bàráńdì Tí Bàbá Mi Ò Ṣí

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹnìkan ṣí ìgò bàráńdì níbi tí mo jókòó sí, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀, mo bá fìbínú dìde. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń bá òórùn jà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í léèrè ohun tójú rẹ̀ rí.

Sùúrùlérè là ń gbé, láyé tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn bàbá wa ń dá irun sí, tí ṣòkòtò wọn ń gbálẹ̀ kiri àdúgbò. Wọ́ọ̀fù, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù, ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti kó àrùn kíkó ìgò jọ. Bàráńdì Faransé, kọ́nyáàkì tó ti pẹ́ láyé ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ló ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí nǹkan kan náà ń ṣe á wá wò ó. Wọn á gbé ìgò síbi iná, wọn á mirí, wọn ò ní tọ́ ọ wò. Ìgò kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ oyin, tí bàbá mi máa ń fi aṣọ funfun nù. Àwa ọmọ ò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ṣèlérí pé òun máa ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá tọrọ Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi.

Àǹtí Bísí gbọ́kàn lé ọjọ́ náà. Bùrọ̀dá Délé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kì í wálé wa láìra gúgúrú àti ẹ̀pà fún àwa àbúrò. Àwa gan-an ti fẹ́ ẹ tán.

Ọjọ́ pé, àwọn àna jókòó, bàbá mi gbé jíìnì olówó pọ́ọ́kú jáde. Bàbá Délé, tó ń ta aṣọ ní Tẹ́júoṣó, rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Àna wa, ti inú gíláàsì yẹn ńkọ́?"

Ìyá mi rọra ní, "Bàbá Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún wọn."

"Ọtí yẹn ò tíì dàgbà tó," ni bàbá mi wí. Kò tilẹ̀ dìde.

Bàbá Délé dé fìlà rẹ̀. "A dúpẹ́. A ti rí ibi tí ẹ fi wá sí." Wọ́n lọ, wọn ò padà wá mọ́. Bùrọ̀dá Délé náà ò lè ta ko bàbá rẹ̀.

Àǹtí Bísí kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Bàbá mi ní, "Ọkọ pọ̀ nígboro. Irú ọtí yìí ò sí mọ́."

Háà! Bàbá tó bí i lọ́mọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.

Bàbá mi ti kú, ilé náà ti di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn olówó ṣì ń kó ìgò jọ, ìyẹn ò yí padà. Àǹtí Bísí ò fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí tó dùn mí jù, ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ ọ́n: inú àgbá onígi ni irú ọtí yẹn ti ń dàgbà. Bó bá ti wọ ìgò, ìdàgbà rẹ̀ parí. Ní gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ṣọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń dàgbà nínú ilé yẹn.