Àwòrán Tí A Kò Gbọdọ̀ Gé Etí Rẹ̀

Rúlà ti wà lórí àwòrán, abẹ sì ti wà lọ́wọ́ mi, kí Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí tó na ọwọ́ dí mi lọ́nà. "Ìyá Oníférémù, ẹ dákun, ẹ má gé etí ẹ̀."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Nínú iṣẹ́ férémù tí ọkọ mi kọ́ mi, etí la kọ́kọ́ máa ń gé. Ẹni bá gbé fọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Dópẹ̀mú, a ó gé funfun etí rẹ̀ dànù, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, a ó gbé gíláàsì lé e, kí àwòrán lè kún férémù dẹ́nu. Oníbàárà tó bá rí funfun níbẹ̀ á ní a fi gíláàsì òun ṣòfò. Tó bá jẹ́ fọ́tò òkú ni, a ó kọ "Sùn re o" sí ìsàlẹ̀.

"Kí ló wà létí ẹ̀?" Mi ò kì í fẹ́ kí oníbàárà kọ́ mi níṣẹ́ mi.

Ó fi ìka tọ́ ọ. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sápá ọ̀tún, wọ́n kọ 14/60 sápá òsì. Kúùkù ni Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí tẹ́lẹ̀, nílé tí ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Orégùn ń gbé. Ará Faransé ni ọ̀gá náà. Ọjọ́ tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un ní àwòrán yìí.

"Ọmọ ìlú wọn kan ló fi irin ya á sára bàbà," ó ní, "ó jẹ́ kí ásíìdì jẹ ẹ́ wọlé, ó fi oríṣiríṣi àwọ̀ kùn ún, ó wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó rin. Ọgọ́ta péré ló tẹ̀, ìkẹrìnlá nìyí, ó sì sáìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi ní tí mo bá gé ibi tó sáìn, mo ti lé onítọ̀hún kúrò níbẹ̀."

Mo tún àwòrán náà wò. Àga kan ṣoṣo, aláwọ̀ ìyeyè, níwájú fèrèsé, omi aláwọ̀ aró lẹ́yìn fèrèsé, kò sẹ́nì kankan lórí àga. Mo sọ nínú mi pé òyìnbó yìí kò kúkú rí nǹkan yà.

Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí ní òun á wá gbé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò wá. Ọyẹ́ kọjá, òjò dé, kò wá. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, fóònù alágbèéká kò tíì dé ọwọ́ irú wa. Mo ṣe férémù àwòrán náà láìgé etí rẹ̀, mo gbé e kọ́ sára ògiri tó kọjú sí tábìlì mi, kí eku má baà jẹ ẹ́.

Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ọkọ mi máa ń jókòó sí. Látìgbà tó ti kú, èmi nìkan ni mo ń jẹun ọ̀sán. Gbogbo òkú Dópẹ̀mú ni mo ń ṣe férémù fún, àmọ́ fọ́tò tiẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, ọwọ́ mi kò gbà á láti gé e. Ó wá di pé bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, màá kí àga yẹn, "Ẹ káàárọ̀." Ẹ rẹ́rìn-ín o, kò burú. Ẹni tí kò dá wà rí ni kò lè mọ̀.

Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì kan ní Orégùn rí i, ó ní, "Mádáàmù, ẹni tó ni ín ti gbàgbé. Ẹ tà á fún mi." A sì kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ẹrù tó bá pẹ́ nílẹ̀, títà ni. Mo ní kì í ṣe títà.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin aláàdúrà kan wọlé nínú sùtánà funfun. Gíláàsì àwòrán rẹ̀ ló fọ́. Mo yọ ọ́ nínú nálọ́ọ̀nù. Àga aláwọ̀ ìyeyè, omi aró. Mo yíjú sógiri kíá. Tèmi ṣì wà níbẹ̀.

Obìnrin náà rí ti ògiri. Ó fara lé tábìlì mi.

"Mádáàmù, níbo lẹ ti rí ìyẹn?"

"Níbo lẹ̀yin náà ti rí tiyín?" Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: 15/60.

"Àjàyí ló ni ín, àbí?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kúùkù."

Sísítà Dọ̀kásì lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń fọṣọ nílé ará Faransé náà. Ọjọ́ kan náà ni ọ̀gá fún àwọn méjèèjì ní tiwọn. Òun àti Àjàyí ti sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tán, ni àìsàn bá dá ìyá rẹ̀ wólẹ̀ ní Ìdànrè. Ó lọ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó fi sin ìyá tán tó padà, iléeṣẹ́ ti kógbá wọlé, ẹ̀wọ̀n wà lẹ́nu géètì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kúùkù wà.

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Mi ò mọ̀, sísítà. Kò tíì wá gbé e ni mo mọ̀."

Mo kọ́ tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Látọjọ́ náà, tó bá ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, á yà. Á jókòó tì mí, á wo ògiri. Ọjọ́ mìíràn, á ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Èmi a ṣe àmín, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ tí Àjàyí bá dé, wọ́n á gbé àga náà lọ.

Ìgbà tí wọ́n ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà ni ọkùnrin kan fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, ó rù hangogo. "Ìyá Oníférémù, ẹ má bínú. Ọ̀kadà ló dá mi lẹ́sẹ̀. Ìlú wa l'Ékìtì ni wọ́n ti ń tọ́jú mi." Ó gbójú sókè, ó rí méjì lára ògiri. Ó sún mọ́ èkejì, ó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dọ̀kásì dà?"

"Ẹ jókòó," mo ní. "Ó máa tó dé."

Nígbà tó dé, mo jáde síta, mo kẹ́yìn sí wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ojú àwọn méjèèjì pọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí ní, "Ẹ bá wa fi méjèèjì sínú férémù kan."

Mo ṣe é. Mi ò gé etí kankan. Àga méjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú omi. Wọ́n gbé e lọ, ìṣó méjì ló kù lára ògiri. Mi ò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Inú mi dùn fún wọn, ó sì dùn mí.

Mo wá ṣí dúrọ́ọ̀. Nísàlẹ̀ fọ́tò ọkọ mi, lórí funfun etí rẹ̀, ó fi bírò kọ "Fún Àbẹ̀kẹ́ mi" nígbà tó ń fẹ́ mi. Ibẹ̀ ni à bá kọ́kọ́ gé. Mo gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé gíláàsì lé gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, mo sì gbé e kọ́ sórí ìṣó. Mi ò kọ "Sùn re o" sí i.