Ìwé Àwọn Tí Òòyì Ń Kọ́

Nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni ti akọ̀wé yàrá ìtọ́jú ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, ní Ṣàngó. Nọ́ọ̀sì ló ń tọ́jú òṣìṣẹ́. Èmi ni mò ń kọ ohun tó ń ṣe wọ́n sínú ìwé, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ní òòyì ń kọ́ òun, mo kọ "dizzy". Ẹni tó ní ojú òun ń ṣú, "dizzy". Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, "dizzy" náà ni. Mi ò rò pé irọ́ ni mò ń pa. Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo wọn.

Ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á ní kó máa lọ sílé pátápátá, kí ẹ̀rọ má baà gé e lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń di ọmọrí ike sínú páálí wá jókòó síwájú mi. Tirẹ̀ ti pé méjì.

"Ṣé òòyì ń kọ́ yín ni, mà?"

"Òòyì kọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, òòyì ò ṣàjèjì sí mi. Ilẹ̀ ló ń lọ. Ó ń rọra lọ, bí ìgbà téèyàn ń fa ẹní lábẹ́ ẹni tó sùn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ẹ̀bà tí mo jẹ, tó bá jẹ́ ìwọ ni, orí bẹ́ẹ̀dì yìí lo máa wà."

Mo gbé bírò, mo sì tún gbé e sílẹ̀. Mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn, àmọ́ kò lè sọ nǹkan kan fún mi, torí "dizzy" nìkan ló kún inú rẹ̀. Mo bá lọ ń bi àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ebi ló pa àwọn kan, ooru ló mú àwọn mìíràn. Àwọn mẹ́ta ní ilẹ̀ ló lọ, nídìí tábìlì tó wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, níbi tí ìyá náà ti ń ṣiṣẹ́, ni gbogbo wọn sì ti dúró. Ti ẹni mẹ́ta ò tó láti mú kó dá mi lójú.

Lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ kí àwọn èèyàn lè jẹun, mo gbé ife omi kan lọ síbẹ̀, mo gbé e kalẹ̀, mo sì dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, jẹ́jẹ́, sápá ògiri. Mo wo ife náà. Omi inú rẹ̀ ò mì rárá.

Ó lè jẹ́ pé torí mo ti ń retí rẹ̀ ni. Mi ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kọ "dizzy". Ohun tí ìyá náà sọ gan-an ni mo kọ, mo sì kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà rí ìwé náà, ó sì ránṣẹ́ pè mí. "Ta ló ní kó o máa kọ Yorùbá síbí? Yí i padà, kí ìyá yẹn máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ lọ dúró níbẹ̀."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bàpò, ó ń wo òkè. Nígbà tó yá, ó fa ọwọ́ kan yọ, ó sì di ògiri mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé tábìlì náà wá sẹ́nu ọ̀nà, ìyá náà sì ń di ọmọrí lórí rẹ̀. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò.