Sanra àti Tẹ́ẹ́rẹ́ ní Pápá Bomo

Ilé ìyàwòrán tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní PZ, lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan. Ìwé kẹfà ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nígbà náà mo sì ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Iṣẹ́ mi kò kọjá kí n gé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, kí n sì kó fọ́tò láti inú kámẹ́rà sínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ọ̀gá mi kò fẹ́ kọ́ mi ní èyí tó kù. Ó ti mú mi lọ síbi ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ lè pariwo: "Ìdílé ìyàwó, ẹ súnmọ́ra. Alhaji, ẹ gbé orí sókè díẹ̀." Ohùn tèmi kì í jáde níwájú èrò. Nígbà kẹta yẹn, mo gbé kámẹ́rà dúró níwájú àwọn ẹbí ọkọ, mò ń retí kí wọ́n tò fúnra wọn, títí wọ́n fi tú ká lọ jẹun.

Ọ̀gá mi kò bínú. Inú kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù tí a wọ̀ padà ló ti sọ pé, "Ìyá Jẹ́jẹ́, ó jọ pé ìdí sísọ́ọ̀sì ni ibùjókòó rẹ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kámẹ́rà gan-an. Mo mọ̀ pé tó bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ó ti pinnu nìyẹn.

Láàárín oṣù yẹn ni obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Samaru wá bá ọ̀gá mi. Ìmọ̀ ẹyẹ ni iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń ṣe ìwé kan fún àwọn ọmọ iléèwé lórí àwọn ẹyẹ agbègbè wa, ó sì fẹ́ kí ọ̀gá mi ya fọ́tò wọn. Ọ̀gá mi ní kámẹ́rà tó dára, àmọ́ kò ní lẹ́ǹsì gígùn, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta irú rẹ̀ ní Kaduna fi àlòkù méjì ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó dán wọn wò, kó mú ọ̀kan, kó fi èkejì rán awakọ̀ tó gbé wọn wá padà ní Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn wúwo bí ọmọ tuntun. Ọ̀gá mi sọ ọ́ ní Sanra. Èkejì fúyẹ́, ó rí gbọọrọ. Òun ni Tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń wá ẹyẹ náà fúnra rẹ̀, kí fọ́tò má baà rí bí ohun tí èèyàn wò pẹ̀lú omijé lójú. Bí ó bá ti rí ohun tó ń wá, àpótí kékeré aláwọ̀ ewé á tàn níbi tí a ń fojú wò. Èyí tó bá ṣe é dáadáa jù la máa mú.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ kòsé, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́bàá ọ̀nà, a sì wọ pápá Bomo. Wọ́n ti kórè àgbàdo tán, àwọn Fúlàní sì ti kó màlúù wá jẹ pòròpórò tó kù. Ibi tí màlúù bá wà, lékeléke á wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi fún mi ní ìwé àti bírò.

"Ogún ìgbà la máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ya lékeléke," ó ní. "Tí mo bá ti ní ó mú, kó o fa ìlà kan."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ lò. Kò tilẹ̀ pariwo rárá. Lékeléke kan gbéra, ọ̀gá mi yí kámẹ́rà tẹ̀ lé e.

"Ó mú," ó ní. Mo fa ìlà.

"Ṣé lóòótọ́ ló mú?" Dókítà bi í.

"Ó mú, Dókítà. Kẹ́ẹ sì rí bó ṣe yá."

Nígbà tó kan Sanra, a gbọ́ ìró ẹ̀rọ inú rẹ̀: wíìn, ó lọ, wíìn, ó bọ̀, bí bàbá àgbà tó ń wá sálúbàtà lábẹ́ ibùsùn. Nígbà mìíràn, ẹyẹ á ti fò lọ kó tó rí i.

"Bàbá Fọ́tò, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó yára," Dókítà sọ.

"Kò gbọ́ Yorùbá, Dókítà. Mo ti bá a sọ Hausa náà."

Darandaran kan tó dúró tì wá bi wá ní Hausa pé kí ló dé tí a kò ya màlúù rẹ̀. Ọ̀gá mi dá a lóhùn pé màlúù kò le rárá, ẹni tó bá di ojú náà lè yà á. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ka ìlà mi. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní méjìdínlógún, Sanra ní méjìlá.

"To, shikenan, ó parí," ọ̀gá mi sọ. "Sanra ń lọ sílé."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, awakọ̀ pè lórí fóònù pé òun ti wà ní ọ̀nà PZ. Ọ̀gá mi di Sanra sínú páálí, ó ń fi téèpù wé e. Dókítà jókòó, ó ń mu kunu. Èmi wà nídìí kọ̀ǹpútà, mò ń kó fọ́tò Bomo wọlé. Ó ti mọ́ mi lára láti fa fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tóbi kí n lè rí i bóyá ojú ẹni náà mọ́ kedere. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sí lékeléke. Ẹyẹ àkọ́kọ́ tí Tẹ́ẹ́rẹ́ yà, ojú rẹ̀ ò hàn. Ìwo màlúù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló hàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìlà ara rẹ̀. Mo ṣí èkejì. Pòròpórò ló hàn níbẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ìrù màlúù ni, pẹ̀lú eṣinṣin.

Mo wo ìwé tí mo fa ìlà sí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Nígbàkigbà tí àpótí aláwọ̀ ewé bá tàn ni ọ̀gá mi ń sọ pé ó mú, pé lẹ́ǹsì ti mú nǹkan. Ohun tí Dókítà ń béèrè ni pé ṣé fọ́tò náà mú, bí abẹ ṣe ń mú. Ní àárọ̀ àná, àwọn méjèèjì ń dá ara wọn lóhùn, èmi sì ń fa ìlà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti ń já téèpù tó kẹ́yìn. Èmi tí n kò lè sọ fún ìdílé ọkọ pé kí wọ́n súnmọ́ra, ṣé èmi ni n ó sọ fún ọ̀gá mi àti Dókítà pé wọn ò gbọ́ ara wọn yé? Mo gbọ́ tí awakọ̀ ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi gbé páálí.

"Ọ̀gá," mo ní. "Ó mú, ṣùgbọ́n kò mú."

Ọ̀gá mi dúró. "Kí ni ọmọ yìí ń sọ?"

"Tẹ́ẹ́rẹ́, sà. Ó mú màlúù. Lékeléke ò mú."

Dókítà gbé kunu sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn mi. Ó wo ìwo, ó wo ìrù, ó wo eṣinṣin. Ẹ̀rín pa á títí ó fi di tábìlì mú. "Bàbá Fọ́tò, ìwé ẹyẹ ni mo ní kẹ́ẹ bá mi ṣe o. Ẹ ti fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìrù màlúù."

A tún gbogbo rẹ̀ kà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ojú ẹyẹ. Nínú ogún, Tẹ́ẹ́rẹ́ ní méje. Sanra ní mọ́kànlá. Sanra ń pẹ́ kó tó rí nǹkan, àmọ́ ohun tó bá ti rí, kì í fi sílẹ̀ fún ìwo ẹnikẹ́ni. N kò fẹ́ parọ́ mọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn lékeléke, ọ̀gá mi ti fi àwọn méjèèjì ya àwòdì mẹ́ta lójú ọ̀run, ti Tẹ́ẹ́rẹ́ sì mọ́ kedere ju ti Sanra lọ, nítorí kò sí nǹkan mìíràn lójú ọ̀run tó lè tàn án jẹ. Ṣùgbọ́n inú koríko àti ẹsùsú ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ Dókítà ń gbé. Ọ̀gá mi mú sísọ́ọ̀sì lórí tábìlì mi, ó gé téèpù, ó gbé Sanra jáde, ó fi Tẹ́ẹ́rẹ́ sípò rẹ̀.

"Ta ló máa gbé e lọ sí odò ní Sátidé?" Dókítà béèrè. Ẹyẹ apẹja kan wà níbẹ̀, dúdú-funfun, tó fẹ́ fi síwájú ìwé náà.

"Mo ní ìgbéyàwó ní Danmagaji lọ́jọ́ náà," ọ̀gá mi sọ.

"Ẹni tó mọ ojú ẹyẹ yàtọ̀ sí ìrù màlúù ńkọ́?"

Ọ̀gá mi wo apá mi. "Apá rẹ̀ á gbé Sanra?"

"Á gbé e, sà," mo ní, kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn fún mi.

Ní Sátidé, mo jókòó sínú ẹsùsú létí omi láti ìgbà tí oòrùn yọ. Apá ro mí títí tó fi kú. Kò sí ẹni tí mo ní láti pariwo mọ́. Ẹni tó bá pariwo níbẹ̀ ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹyẹ apẹja náà á dúró sójú kan lókè omi, á máa lu ìyẹ́, lẹ́yìn náà á já bọ́ bí òkúta. Sanra ṣe wíìn rẹ̀, mo ní sùúrù fún un. Ìgbà kẹrin tí ẹyẹ náà jáde pẹ̀lú ẹja lẹ́nu, mo tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà.

Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá mi fa fọ́tò náà tóbi títí ojú ẹyẹ fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ó lọ mú ìwé funfun kan, ó ní kí n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé a ń wá ẹni tí yóò máa gé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Mo ṣi lẹ́tà méjì kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà.