Oògùn Méjì Nínú Ikùn Kan

Òórùn àgbo ló máa ń jí wa nílé wa létí ọ̀sà ní Ajah, kí òórùn ẹja yíyan tó dé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ò lè gbàgbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ìyá mi, Àsíátù, gbé àgbo tí mo ti ń mu tí kò ràn mí, ó dà á sétí omi, ó fi yanrìn họ ìkòkò náà títí tó fi dán, ó wá kó ewé mìíràn sí i. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń ní, "Oògùn méjì ò gbọdọ̀ fojú kanra nínú ikùn ọmọ mi." Ráfíù ẹ̀gbọ́n mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú mi ti di ilé àlejò. Bí mo bá ti gbọ́ tí yanrìn ń họ ìkòkò, ara mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ẹ wá wo ohun tójú mi rí lágbà. Láti ìgbà tí Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, ti kú, oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu, oorun ò kùn mí. Dókítà obìnrin kan ní Lẹ́kkí, tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi, fún mi ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Mo lò ó títí, kò ṣe nǹkan kan. Ó ní a máa pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Etí mi ò gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo délé, mo da èyí tó kù sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fọ ife mi, mo ń retí tuntun.

Kò pẹ́ tí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, tí nǹkan ń ta mí lágbárí bí iná mànàmáná, tí mo ń sunkún láìnídìí. Mọdínátù ọ̀rẹ́ mi, tó ń gbé ní Lakowe, ní ọjọ́ kan ṣoṣo lòun pààrọ̀ tòun. Ṣèyí aláṣọ funfun tó wà ládùúgbò wa ní kí n gbàgbé dókítà, kí n máa mu omi àdúrà. Ní Ajah yìí, ta ni kì í ṣe dókítà?

Bọ́lá ọmọ mi ló gbé mi padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ò pariwo lé mi lórí. Ó ní, "Màmá, èyí kì í ṣe àgbo. Ara yín ti mọ́ ọn. Ẹ máa padà sórí ẹ̀, a ó máa dín in kù, èmi ni máa sọ ìgbà tí tuntun máa wọlé. Ti ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe tiyín, oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀."

Mo bi í bóyá méjèèjì máa pàdé nínú mi. Ó ní ó ṣeé ṣe, fún ìgbà díẹ̀, lójú òun. Ó ní kí n má mu àgbo kankan mọ́ ọn. Ó ní tí ara mi bá ń gbóná, tó ń gbọ̀n, tí àyà mi ń sáré, tàbí tó bá ń ṣe mí bí ẹni pé kí n kú, kí Bọ́lá má dúró dọ̀la kó tó gbé mi wá.

Inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbà pé ìyá mi mọ gbogbo nǹkan, mo ń gbé e mì. Ní báyìí tí mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ṣe wà nígbà náà lọ, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ tán, àti ọmọbìnrin Lẹ́kkí yẹn náà. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹnu mi yá sí oògùn. Láàárọ̀ yìí, Bọ́lá gbé oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù wá, ó dúró tì mí títí mo fi gbé e mì. Ó tún ní kí n gbé ahọ́n sókè kóun wò ó, èmi tí mo bí i.

Mo gbé e sókè fún un.