Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Olùdíje Sọ

"Yí rédíò yẹn sílẹ̀, kí ohùn mi má bàa padà sí mi létí."

Mo sáré yí i sílẹ̀. Ìyá àgbà ti gbé fóònù lé etí òsì, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn dáadáa, wọ́n ń dúró kí atọ́kùn ètò òwúrọ̀ gbé ìpè wọn. Ẹ̀kọ ń hó lórí sítóòfù, òórùn kẹrosíìnì ti gba gbogbo ilé ìdáná wa ní Bódìjà. Lójijì, mo gbọ́ ohùn atọ́kùn náà wínníwínní látinú rédíò: "Ìyá wa láti Bódìjà, ẹ káàárọ̀ o. Kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ tòní?"

"Ẹ káàárọ̀, ọmọ mi. Olùdíje kan ní bí òun bá wọlé, gbogbo nǹkan ló máa di ọ̀fẹ́. Ẹ bá mi bi í, ta ló máa san án? Ohun tí èèyàn ò bá làágùn lé lórí, kì í tọ́jú ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe tíṣà, mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ tí àsìkò ìbò bá ti ń sún mọ́lé. Ìyá àgbà ló bí bàbá mi, ọ̀dọ̀ wọn sì ni gbogbo wa ń gbé. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ti sọ tiwọn tán lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á mu ẹ̀kọ wọn, wọ́n á gbá iwájú ilé dé etí gọ́tà, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí. Ìjọba kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò lè tọ́ ilé ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìpínlẹ̀ ṣe? Àwọn olóṣèlú tó ń ti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, àdán ni wọ́n ń pè wọ́n, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń rẹ́rìn-ín pé ayé àtijọ́ ni Ìyá àgbà ṣì wà. Ìyá àgbà á dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ òun láti máa kí èèyàn.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àbúrò bàbá mi wá sọ pé òun fẹ́ du ipò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Bàbá kékeré là ń pè wọ́n. Lọ́yà ni wọ́n, Dùgbẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn wà. Ìyá àgbà ń fi aṣọ sínú omi sítáàṣì nígbà yẹn, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Gọ́tà Agbowó, Ìyá. Àti àwọn tíṣà tí kì í wá síṣẹ́."

"O ò ní ṣèlérí ohun tí o ò lè ṣe?"

"Rárá, Ìyá."

Wọ́n fún aṣọ náà, wọ́n gbọ̀n ọ́n. "Ó dáa. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Wọ́n sì wà lẹ́yìn ọmọ wọn lóòótọ́. Èmi àti wọn la jọ ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, láti ọjà Bódìjà dé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú yunifásítì. Mo rí àwọn ọkùnrin tó ti hu ewú tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú eruku, tí wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ nà mí ní kíláàsì kẹta, mà." Wọ́n á dáhùn pé, "Ó sì tọ́ sí ọ. Dìbò fún ọmọ mi." Kò pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi ń sọ pé nítorí ìyá yìí làwọn ṣe máa dìbò fún Bàbá kékeré.

Ọjọ́ Sátidé kan, ní ọ̀sán, ni wọ́n ṣe ìpolongo ńlá lórí pápá ilé-ìwé kan ní Agbowó. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn, ẹ̀pà sísun ń ta sánsán, fìlà tó ní àwòrán Bàbá kékeré ló wà lórí gbogbo èèyàn. Iwájú ni wọ́n fi èmi àti Ìyá àgbà sí. Bàbá kékeré dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gọ́tà. Wọ́n sọ ibi tí omi ń gbà wọlé àwọn èèyàn, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n àwọn èrò ti ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Àwọn kan ń dìde lọ. Ni ọkùnrin kan tó jẹ́ àgbà ẹgbẹ́ bá sún mọ́ Bàbá kékeré, ó sọ nǹkan sí wọn létí. Bàbá kékeré mi orí pé rárá. Ọkùnrin náà tún sọ ọ́. Bàbá kékeré wo àwọn tó ń lọ, wọ́n sì gbé máíkì sókè.

"Ọkùnrin tó ń bá mi dù ú, ẹ ní kó fi ilé bàbá rẹ̀ hàn yín. Kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ pàápàá ò mọ̀ ọ́n."

Gbogbo pápá hó yèè. Wọ́n ń súfèé, wọ́n ń fò sókè, àwọn tó ti ń lọ padà wá. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo yíjú sí Ìyá àgbà kí a lè jọ rẹ́rìn-ín, ni mo rí i pé wọ́n ti bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ ọmọ wọn. N ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n dìde. Olùdarí ètò rò pé àdúrà ni wọ́n fẹ́ wá gbà. Ó pariwo pé, "Ẹ yàgò fún ìyá olùdíje, wọ́n ń bọ̀ wá súre!" Ó tilẹ̀ di apá wọn mú gun orí pèpéle. Wọ́n nawọ́, Bàbá kékeré sì gbé máíkì fún wọn.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ láàárọ̀. "Ọkùnrin tí ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ilé-ìwé lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ mú un wá. Kápẹ́ńtà ni bàbá rẹ̀, ní Ṣàngó. Òun ló ń bá wa tún bẹ́ǹṣì ṣe, kò gba kọ́bọ̀ rí. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀." Wọ́n nawọ́ sí Bàbá kékeré. "Ọmọ mi yìí náà wà níbẹ̀. Èmi àti òun la jọ lọ."

Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún.

"N ò ní dìbò fún ọkùnrin yẹn, torí n ò gba ìlérí rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́ yìí, ẹni tó sì pa á mọ̀ pé irọ́ ni."

Wọ́n dá máíkì padà sọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a rìn jáde. Kò sẹ́ni tó fi mọ́tò gbé wa. Takisí la wọ̀ padà sí Bódìjà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà ni wọ́n ń sọ lórí rédíò. Ẹnì kan pè, ó ní àjẹ́ ni ìyá tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló pa ìràwọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́, wọ́n pa rédíò náà fúnra wọn. Bàbá mi, tí kì í gbóhùn sókè sí wọn, gbóhùn sókè lọ́jọ́ náà.

"Ìyá, ẹ ò bá pè é sí kọ̀rọ̀ bá a wí. Lójú gbogbo ayé!"

"Ojú gbogbo ayé ló ti sọ ọ́," ni wọ́n dá a lóhùn. "Ìbò á tún dé lọ́dún mẹ́rin sí i. Bí mo bá jẹ́ kó gba ọ̀nà yẹn débẹ̀, ọmọ wo ni mo fẹ́ gbà padà?"

Ohùn wọn le bí òkúta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá wọn nídìí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Wọ́n di okùn náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ń sunkún, wọn ò jẹ́ kó dún. Mo ti rò pé ẹni tó bá ṣe ohun tó tọ́ kì í sunkún.

Bàbá kékeré fìdí rẹmi. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹni tó wọlé kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sílé wa pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti ẹni tó ń ya fọ́tò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà ní kó dìde.

"Kó ìrẹsì rẹ padà. N ò dìbò fún ọ. Bàbá rẹ ni mo jẹ́rìí fún."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí Bàbá kékeré ò fi ẹsẹ̀ kan ilé wa. Wọn ò pè, wọn ò sì gbé ìpè ìyá wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Ìyá àgbà jókòó ní ilé ìdáná, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ni Bàbá kékeré bá wọlé, aṣọ wọn rin. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n bu ẹ̀gúsí lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

"Ìyá, ọkùnrin tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí, inú ẹgbẹ́ àwọn tó wọlé ló wà báyìí."

Ìyá àgbà gbọn èèpo kúrò lára ìró wọn. "Ṣé o ti jẹun?"

Ìyá àgbà ti di olóògbé. Èmi náà ti dàgbà, ọ̀nà Ring Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ohun tí Ìyá àgbà ń sọ nípa ìjọba ni mo ń bá jiyàn nínú ọkàn mi dòní. N ò ní irú ìgboyà wọn. Nígbà ìpolongo tó kọjá, mo wà ní ìpàdé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní àdúgbò Challenge, níbi tí ẹnì kan ti dìde tó pa irọ́ burúkú mọ́ obìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa, pé ó lé ìyá ọkọ rẹ̀ síta. Gbọ̀ngàn hó. Mo pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi ti dún kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹ̀rù ara mi sì bà mí.

N ò lè dìde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo pe obìnrin náà lọ́jọ́ kejì. Mo sọ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ fún un, mo sì sọ fún un pé mo wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n lọ sọ pé irọ́ ni lójú àwọn tó gbọ́ ọ. Ìpàdé wa tó ń bọ̀ di Ọjọ́bọ̀. Mo ti ní kí wọ́n fi orúkọ mi kún ti àwọn tó máa sọ̀rọ̀.