Àlejò Ìyá Ọkọ

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Aránṣọ fi jókòó ti maṣíìnì kan náà, níwájú fèrèsé kan náà, kó tó di pé ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́kọ sókè òkun, tó sì bímọ. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì dé pé kó wá wo ọmọ, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ oníbàárà. Ìdùnnú náà ò tíì rọlẹ̀ tó fi gbọ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú, ìyẹn Ìyá Tíṣà, tó ṣe ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Bàálù kan náà, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Wọ́n pàdé ní pápákọ̀ òfurufú láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò. Bí wọ́n ṣe kí ara wọn tán ni Ìyá Tíṣà yọ káàdì dúdú kan nínú báàgì.

"Àna mi, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó ní yàrá ìsinmi tó wà lókè títí bàálù á fi ṣetán. Ọmọ yín ló fi káàdì yìí ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní mo lè mú ẹnì kan wọlé."

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ọmọ tí òun pọ̀n, tí òun fi owó abẹ́rẹ́ rán nílé ìwé, ló wo ìyá méjì, tó wá fi káàdì lé ìyá ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kọ orúkọ Ìyá Tíṣà sílẹ̀, ó wá yíjú sí ìkejì.

"Àlejò yín nìyí, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, àlejò mi ni."

Ó kọ "àlejò" sínú ìwé. Kò béèrè orúkọ.

Yàrá náà tutù, ó sì dákẹ́. Wọ́n to búrẹ́dì, ẹyin àti èso sórí tábìlì gígùn, kò sì sẹ́ni tó ń gbowó. Àga ibẹ̀ rọ̀ débi pé téèyàn bá jókòó, á máa wá orúnkún ara rẹ̀. Ìyá Aránṣọ tẹjú mọ́ àga náà, ó rí i pé rírán rẹ̀ wọ́ lápá kan. Ìyẹn tù ú nínú díẹ̀.

"Ẹ̀wù ọrùn yín yìí dáa o," ló sọ, kí ọ̀rọ̀ lè wà nílẹ̀.

"Ìyàwó mi náà ló rà á," ni Ìyá Tíṣà dáhùn.

Láti ìgbà tí ọmọ náà ti relé ọkọ, kò tíì ra aṣọ kankan fún ìyá rẹ̀. Ta ló ń ra aṣọ fún aránṣọ? Ohun tí obìnrin yìí fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn láti ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ náà, kò tù ú nínú mọ́.

Fóònù Ìyá Tíṣà dún.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti ráyè jókòó?" Ohùn ọmọ Ìyá Aránṣọ ni.

"A ti jókòó. Ọyàn yẹn ńkọ́, ṣé ó ti dẹ̀?"

"Ó ti dẹ̀, mà. Aṣọ tí ẹ ní kí n máa rì sómi gbígbóná ló ràn mí lọ́wọ́."

Ìyá Aránṣọ gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀. Ọyàn wo? Ìyá Tíṣà na fóònù sí i.

"Ọyàn ń dùn ọ́, o ò sọ fún mi?"

"Màámi, tí mo bá sọ, ẹ ò ní sùn."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀hún ta á lára. Òwú ló ti ń fi jẹun látìgbà èwe rẹ̀; owú ló wá jókòó tì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tó yá, oorun gbé Ìyá Tíṣà lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri fi hàn pé kí àwọn èrò bàálù wọn máa wọlé. Wọn kì í pariwo pe èèyàn nínú yàrá yẹn. Ìyá Aránṣọ dìde, ó na ọwọ́ sí èjìká àna rẹ̀. Ó wá rò ó pé bí òun nìkan bá débẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé ọmọ fún. Ó fa ọwọ́ náà padà, ó fi gbé báàgì. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún yọ́ jáde bí olè.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló jáde lórí ìlà àwọn tó fẹ́ wọ bàálù láti lọ jí i, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún padà. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Àyà tirẹ̀ ń lù kìkì bí ẹsẹ̀ maṣíìnì. Ó wọ bàálù, ó de bẹ́líìtì, ó kọjú sí fèrèsé.

Wọ́n ti fẹ́ tilẹ̀kùn nígbà tí Ìyá Tíṣà sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó jókòó, ó di àna rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Mo dúpẹ́ o. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn ló wá jí mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rán an."

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀.

"Èmi kọ́, mà," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Mo rí i pé wọ́n ti ń pè wá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi yín sílẹ̀ lójú oorun ni."

"Kí ni mo ṣe yín?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Owú ni."

Ìyá Tíṣà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Bàálù gbéra, ilé àti títì di bíńtín nísàlẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta rèé," ló sọ nígbẹ̀yìn, láìwo ẹnì kejì. "Ohun tí mo bá kọ́ ọmọ yín, á ní, 'Màámi kì í ṣe é báyìí.' Ọbẹ̀ ni o, ìtọ́jú ilé ni o. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ owú jẹ?"

Inú Ìyá Aránṣọ dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn.

"Ẹ má bínú, mà."

"Mo ń bínú," ni Ìyá Tíṣà dáhùn. "Ẹ na omi yẹn sí mi."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ọmọ wọn méjèèjì ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ nínú aṣọ òtútù. Ẹsẹ̀ Ìyá Tíṣà yá ju ti àna rẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ débẹ̀, ó gba ọmọ, ó sì gbé e fún ìgbà pípẹ́. Ìyá Aránṣọ dúró tì í pẹ̀lú báàgì méjèèjì lọ́wọ́ títí wọ́n fi gbé ọmọ náà fún un.