Ẹran Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Oòrùn

Kí òmìnira tó dé, apòògùn ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlá. Ìyá kan tó ń ta obì wá láti oko lẹ́yìn Ọ̀rà. Egbò kan wà lójúgun rẹ̀ tó ti kọ̀ tí kò jinná láti ọjọ́ pípẹ́. Dókítà tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì gé ẹran tíńtín létí egbò náà, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbàdàn bóyá jẹjẹrẹ ni.

Ó ní, "Sọ ọ́ sínú fọ́málíìnì kíákíá, kó má baà jẹrà."

Kò tíì lọ jìnnà tí ọ̀rẹ́ mi fi gun kẹ̀kẹ́ tuntun dé. Mo fi ẹran sílẹ̀ nínú abọ́ lójú fèrèsé, nínú oòrùn, mo gba kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rọ fọ́málíìnì sí i, mo dí ìgò, mo fi ránṣẹ́.

Èsì dé láti Ìbàdàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹran náà ti bàjẹ́ tán, kò ṣeé yẹ̀ wò, kí a gé òmíràn. Inú mi sọ fún mi pé àfọwọ́fà mi ni.

Nígbà tí ìyá náà gbọ́, ó pa ọwọ́ pọ̀. "Ọmọ mi, má bínú. Ara mi ló ti bàjẹ́, tó ń fún yín ní wàhálà."

Mo ní, "Kò sí wàhálà, Ìyá."

Wọ́n tún gé e. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ náà mú. Èsì kejì dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Lọ́dún kejì, mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Nínú maikirosikópù, mo rí i pé kókó àárín sẹ́ẹ̀lì tó yè gba aró tí a ń rẹ ẹran sí dáadáa, bí èlú. Ti èyí tó ń kú sún kì, ó dúdú, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn mìíràn ṣá títí wọn kò fi hàn mọ́. Olùkọ́ wa ní bí ẹran tí a gé bá pẹ́ kó tó kan fọ́málíìnì, oje inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ èròjà ásíìdì tó ń di aró mú nínú kókó yẹn, ooru a sì mú un yá. Mo rántí abọ́ ojú fèrèsé.

Nígbà ìsinmi, mo lọ bá ìyá náà lóko, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dáwọ́ obì tó ń ṣà dúró.

"Lọ́jọ́ tí mo ń bẹ̀ ọ́ yẹn, o ti mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

"O sì gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó ń ṣa obì rẹ̀ lọ. Mo jókòó tì í, mò ń bá a ṣa á.